Orin Ọ̀pọ̀lọ́ Lẹ́nu Erin

Ààlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ àgbàlá yìí!
— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ń fò bọ̀, ó bà lé Ọ̀pọ̀lọ́ olóhùn gbígbẹ, tó ń fi orin rẹ ọmọ lẹ́kún. Ẹ gbè é:

Ọmọ mi, dákẹ́ o —
Kẹrẹkẹ̀!
Ìyá ń bọ̀ lódò o —
Kẹrẹkẹ̀!

Erin, ọba ìlú, ní orin náà kò dùn. Ó kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó lé Ọ̀pọ̀lọ́ nílùú.

Lọ́jọ́ kan, ayaba lọ wẹ̀ lódò, ọmọ wọn figbe ta. Odídẹrẹ́, olórin ààfin, kọrin aládùn; ṣe ni igbe ọmọ ń pọ̀ sí i. Ni Erin bá lanu: “Ọmọ mi, dákẹ́ o…” Ọmọ dákẹ́! Ṣùgbọ́n èyí tó kàn kò wá sí Erin lẹ́nu, ọmọ tún bú sẹ́kún.

Erin sáré tọ Ọ̀pọ̀lọ́ lọ: “Orin rẹ kò tíì dùn létí mi o. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, kí ló kàn?”

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dá a lóhùn!