Bí Àwẹ̀ró Aláró Ṣe Fi Ọjọ́bọ̀ Rúbọ

Aró Àwẹ̀ró kì í ṣí. Ẹni tó bá kó aṣọ fún un lónìí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ á fi ṣọdún. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni pé bó bá sá aṣọ sórí okùn tán, tó ní kóun lọ pọnmi, òfìfo okùn ni yóò padà bá. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù kan ni wọ́n ti kó aṣọ oníbàárà lọ, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí òpópó Ìdí-Àràbà ti ṣófo, tí kálukú ti bá iṣẹ́ lọ. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ìkòkò aró tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un á gbẹ, òun náà á sì padà sábúlé lọ máa pa èkùrọ́.

Èyí tó dùn ún jù ni pé olè kejì ò tiẹ̀ sáré. Ó di aṣọ lẹ́rù, ó kí Láṣebìkan, aládùúgbò tó jókòó sójú ọ̀nà nísàlẹ̀ òpópó. Láṣebìkan dìde, ó sì bá a gbé e rù. Ta ló máa rí ẹlẹ́rù nílẹ̀ yìí tí kò ní bá a gbé e? Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní ọmọ náà kí òun dáadáa ni.

Àwẹ̀ró bá gbọ̀nà ilé Ìyá Ọ̀ṣunfúnkẹ́, olóòṣà tó ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún. Ìyá da owó sórí atẹ, ó wò ó títí, ó ní:

“Ojú kan ò tó àdúgbò ó ṣọ́,
Àgádágodo ò mọ àlejò,
Ẹni a bá bi léèrè là ń mọ̀:
A dá a fún Aláró tí ń sunkún aṣọ.
Àwẹ̀ró, kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe orogún. Àìbéèrè ni. Rúbọ.”

Ẹbọ ọ̀hún ni ẹyẹlé méjì, ẹ̀kuru tí yóò pín kárí òpópó, àti odidi Ọjọ́bọ̀ kan lọ́sẹ̀ tí yóò fi jókòó ṣọ́ ọ̀nà. Kó tó jókòó, kó kọ́kọ́ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, kí iṣẹ́ wọn lè di ọ̀kan.

Àwẹ̀ró ti ń ná ọjà láti kékeré, kò lè gbọ́ iye kó má dín in. Ó ní ẹyẹlé kan ńkọ́? Ìdajì Ọjọ́bọ̀ ńkọ́? Ti ọlọ́pàá yìí, ṣé kò ṣeé fi àkùkọ dí? Torí ẹni tí wọ́n bá rí lẹ́nu ọ̀nà àgọ́, ẹjọ́ ni wọ́n máa ní ó lọ rò.

Ìyá ní: “Mo yọ ẹyẹlé méjèèjì kúrò, mo fi ta ọ́ lọ́rẹ. Ọjọ́bọ̀ ni òòṣà fẹ́ gbà. Mi ò ní yọ wákàtí kan níbẹ̀.”

Àwẹ̀ró mọ̀ pé bí ọlọ́jà bá ti dín owó báyìí lẹ́ẹ̀kan, iye tó kù kò ṣeé gé mọ́. Ó gbà.

Sájẹ́ǹtì Múnírátù ló gba orúkọ rẹ̀ ní àgọ́. Ó kìlọ̀ pé àwọn tó bá máa ṣọ́ ọ̀nà ò gbọdọ̀ mú àdá, wọn ò gbọdọ̀ lu ẹnikẹ́ni, wọn ò sì gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n kí àlejò, kí wọ́n bi í pé ta ló wá rí, kí wọ́n sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ẹni náà. Bí ọ̀rọ̀ ò bá ti bára mu, kí wọ́n fọn fèrè, kí wọ́n sì pe àgọ́. Ó ní: “Ẹ̀yin ni ojú, ẹ̀yin ni ẹnu. Ọwọ́ ni tiwa.”

Àwẹ̀ró pín ẹ̀kuru láti ilé dé ilé, ó ń fi ọ̀rọ̀ yìí sìn ín. Obìnrin mẹ́rin àti télọ̀ méjì gba ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láti máa ṣọ́ òkè òpópó. Láṣebìkan jẹ tirẹ̀, ó lá ọwọ́, ó ní Àwẹ̀ró ti di ọlọ́pàá tí kò lówó oṣù.

“Ẹ̀gbọ́n, ìsàlẹ̀ níbí ló kù tí kò lẹ́ni. Ọjọ́ kan péré.”

“Èmi ò lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fi tọrẹ.”

Ọ̀sẹ̀ kẹta, Láṣebìkan ń bọ̀ láti ilé onígbàjámọ̀, ó rí ọmọkùnrin kan tí ọmọlanke rẹ̀ kó sí gọ́tà, ó fi tapólì bo ẹrù. Ọmọ náà kí i dáadáa. Láṣebìkan ò wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ká apá ẹ̀wù, ó bá a tì í jáde, ó tún ṣàdúrà fún un pé ọ̀nà á là. Ó délé, ibi tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ máa ń wà, epo tó kán sílẹ̀ nìkan ló bá.

Ìdí-Àràbà dùn mọ́ olè, ó tún padà wá ní Ọjọ́bọ̀, ó gba òkè. Àwẹ̀ró wà lórí àpótí, aṣọ mọ́kànlá ń gbẹ lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ kú ìjókòó, mà.”

“Ẹ káàbọ̀ o. Ta lẹ wá rí?”

“Ìyá Rìsí.”

“Ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Ilé wọn ò rọrùn-ún mọ̀.”

Kò sí Ìyá Rìsí kankan ní gbogbo òpópó. Ọmọ náà ní òun gbàgbé nǹkan ní oríta, ó yíjú padà. Àwẹ̀ró ò lé e. Ó fọn fèrè, ọ̀kan nínú àwọn télọ̀ fọn tirẹ̀, ẹnìkan sì ti ń pe àgọ́. Oríta ni àwọn Sájẹ́ǹtì Múnírátù ti pàdé rẹ̀. Wọ́n bá aṣọ méje nínú yàrá rẹ̀, Àwẹ̀ró sì fi àmì kókó tó máa ń ta sáṣọ kó tó rẹ ẹ́ sínú aró mọ gbogbo wọn. Jẹnẹrétọ̀ ti di ẹ̀yà lọ́jà. Okùn tí wọ́n fi ń fà á nìkan ni wọ́n rí kó fún Láṣebìkan.

Àwọn oníbàárà padà, Àwẹ̀ró sì fi ìkòkò kan kún ti ìyá rẹ̀. Ó mú ẹyẹlé méjì tó ná kúrò lọ́jọ́sí lọ fún Ìyá Ọ̀ṣunfúnkẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò béèrè wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Láṣebìkan ló ń jókòó nísàlẹ̀ báyìí ní gbogbo ọjọ́ Ajé, okùn lápò, tó ń bi lèmọ́mù pàápàá pé ta ni wọ́n wá rí.

Aláró fi ọjọ́ kan rúbọ, ó ń fi mẹ́fà jẹun. Ẹni tó ní òun ò lọ́jọ́ tí òun fẹ́ fi tọrẹ, okùn ló ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́.