Ìrìn Àjò Sílà Ọdẹ sí Òkè Ìdáhùn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Ẹni tó bá ń tòògbé, kí ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un, nítorí ìtàn tí mo gbé wá lónìí, àǹjọ̀nú wà nínú rẹ̀, òkè ìyanu wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó lè wúlò fún yín lọ́jọ́ ìṣòro sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọdẹ kan wà, Sílà Ọ̀jẹ́wùmí, ọkọ Mórádéun, a-rí-ẹkùn-má-sá, a-kọrin-Jésù-nínú-aginjù. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta òun àti aya rẹ̀ lọ́rẹ lẹ́yìn ọdún méjìlá, wọ́n sọ ọ́ ní Ìbídùnní. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́sàn-án, ibà kọ lù ú ní Ọjọ́rú. Kí Sátidé tó dé, ó ti kú. Háà, ikú yìí mà burú o!

Àwọn àgbà ìjọ dé, wọ́n rí baba tó la ẹnu láti ké, wọ́n ní, "Ó tó, ó tó! Onígbàgbọ́ kì í sunkún. Ẹ ṣara gírí." Wọ́n rò pé oore ni àwọn ń ṣe, wọn kò mọ̀ pé ìdérí ni wọ́n ń dé mọ́ ìkòkò tó ń hó. Sílà gbé omijé mì, aya rẹ̀ náà gbé tirẹ̀ mì. Láti ọjọ́ náà ni àdúrà ti gbẹ lẹ́nu Sílà. Bó bá kúnlẹ̀, ahọ́n rẹ̀ a wúwo, kò ní lè pe Ọlọ́run rárá. Ó bá mú ìbọn, ó ní òun ń lọ sí Òkè Ìdáhùn tó wà lẹ́yìn igbó méje, kí òun béèrè ìdí tí Ọlọ́run fi mú ọmọ náà lọ; bí òun kò bá rí èsì, òun kò tún ní tẹ ilé Ọlọ́run mọ́.

Nínú igbó kẹta ló pàdé Gbàgbé-Ohun-Gbogbo, àǹjọ̀nú olójú mẹ́rìndínlógún tí igi hù lórí rẹ̀, tí ejò sì jẹ́ ìgbànú rẹ̀. "Ọdẹ," ni àǹjọ̀nú náà wí, "mu omi inú igbá yìí, o kò ní rántí pé o bímọ rí, ìrora rẹ a sì tán." Ó ga o! Ẹ̀yin náà, ẹ bi ara yín, ta ni kò ní mu? Sílà gbé igbá dé ètè. Ló bá rántí bí Ìbídùnní ṣe máa ń sá pàdé òun lọ́nà oko, tí yóò gba àpò ẹran lọ́rùn òun, tí àpò a sì máa wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Rárá o," ni Sílà wí, "n kò lè tìtorí pé ó dùn mí kí n wá sọ ọmọ mi nù lẹ́ẹ̀kejì." Ó da omi náà sílẹ̀, koríko ibẹ̀ gbàgbé bí wọ́n ti ń dúró, gbogbo wọn wó lulẹ̀. Ó kọjá lọ.

Lórí Òkè Ìdáhùn, ìyá arúgbó kan jókòó, ara rẹ̀ ń tàn bí àtùpà. Sílà dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ẹ dákun, kí ni mo ṣe tí Ọlọ́run fi mú ọmọ mi lọ?"

"Ọmọ mi, o kò ṣe nǹkan kan. Ìdí rẹ̀, a kò fi hàn mí, n kò sì ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti kú, ṣé o ti sunkún?"

"Rárá, Ìyá. Wọ́n ní onígbàgbọ́ kì í sunkún."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Jésù ń lọ síbi ibojì Lásárù, ó mọ̀ pé òun yóò jí i dìde, síbẹ̀ ó sunkún. Ṣé ìgbàgbọ́ tìrẹ ju ti Jésù lọ ni?"

Sílà dojú bolẹ̀, igbe bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Olúwa, ó dùn mí! Èé ṣe tí o kò wò ó sàn? Ó dùn mí o, Olúwa!" Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó gbójú sókè, ìyá náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé o gbọ́ ara rẹ? Orúkọ ta ni o ń pè láti àárọ̀?"

Ó padà délé, ó bá Mórádéun láàárín àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n ń ní kó ṣara gírí. Sílà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ìyá Ìbídùn, sunkún. Olúwa wa náà sunkún." Mórádéun figbe ta, àwọn ìyá ìjọ náà figbe ta, nítorí kò sí ẹni tí kò ní òkú tirẹ̀ nínú wọn. Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, Mórádéun di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó ní, "Baba Ìbídùn, ẹ gbàdúrà fún wa." Sílà sì gbà á.

Ẹ̀yin ará mi, ẹkún kọ́ ni ọ̀tá ìgbàgbọ́. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ yín, ẹ má purọ́ fún Ọlọ́run pé kò dùn yín. Ẹ gbé omijé náà lọ bá a. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lọ kí ọlọ́fọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹsẹ Bíbélì dí i lẹ́nu. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ bá a sunkún.