Iyanrìn Tí Ọ̀gá Yọ̀ǹda

Òkun ti gbé ilé aládùúgbò Fẹ́hìntọlá, opó kan ní Ìlàjẹ, lọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá ìjọba ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi iyanrìn dí omi títí ìwádìí lórí ẹja inú rẹ̀ yóò fi parí lọ́dún tó ń bọ̀. Fẹ́hìntọlá kúnlẹ̀, ó pe ọ̀gá náà wá jẹ púpurú nílé òun. Ọ̀gá ń jẹun lọ́wọ́ ni omi kún, tó gbé afárá pákó tó so ilé náà mọ́ ilẹ̀ gbígbẹ lọ, tó ń ru wọlé. Àwọn ọmọ opó náà ń ké. Ọ̀gá kígbe: "Ìyá, ẹ dí omi yìí, kí n lè kọjá!" "Láìṣèwádìí, ọ̀gá?" "Mo yọ̀ǹda! Ẹ kó iyanrìn wá!" Àwọn ará àdúgbò gbọ́, wọ́n to àpò iyanrìn yí ilé ká títí dé ilẹ̀ gbígbẹ. Bí ọ̀gá ti gúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n kó o kúrò. Fẹ́hìntọlá tún kúnlẹ̀: "Ẹja lè ti fi ṣelé, ọ̀gá. Ó di ẹ̀yìn ìwádìí."