Ìjímèrè àti Ìtàn Ìfẹ́ Inú Ẹ̀rọ Mẹ́ta

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ kò dáhùn dáadáa. Ṣé iyán ti wọ̀ yín lára ni? Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi lọ rìn-ìn rìn-ìn, ó já lu Ìjímèrè, ó já lu Etu arẹwà.

Ní ìgbà kan rí, ní ìlú àwọn ẹranko, ọmọge kan wà tó ń jẹ́ Etu. Ó fẹ́ràn ìtàn ju oúnjẹ lọ. Gbogbo ọkùnrin ìlú ló ti wá a títí tó sú wọn, ó wá ku méjì. Ìjímèrè ni ẹnìkíní, ẹlẹ́nu dídùn tí ìdí rẹ̀ kì í gbélẹ̀. Ìgbín ni ẹnìkejì. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ìgbín náà mọ ìfẹ́.

Lọ́dún yẹn, Lékèélékèé ti ìrìn àjò dé, ó gbé géèmù kan bọ̀ láti ilẹ̀ Jàpáànù. Ẹ̀yin ọmọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti ń yìnbọn o. Ìtàn ìfẹ́ ni, kíkà ni wọ́n ń kà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé ìlú kan létí òkun, ó pàdé ọmọge mẹ́ta: Mídórì, Sùmírè àti Náókò. Bí ìtàn bá dé oríta, ẹ̀rọ á bi ọ́ pé, "Kí lo fẹ́ sọ fún un?" Ohun tí o bá tẹ̀ ló máa sọ ibi tí ìtàn máa já sí.

Lékèélékèé tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lójúde Etu.

"Oríṣi mẹ́ta ló wà," ó ní. "Ti fóònù rèé. Ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n gé ìtàn rẹ̀ kúrú díẹ̀. Ti kọ̀ǹpútà rèé. Ìtàn pé síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lóhùn. Èyí pélébé yìí, géèmù nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn ọmọge inú rẹ̀ ń fọhùn, àmọ́ ó gba sùúrù. Kí oníkálukú mú èyí tó bá a lára mu."

Etu kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, bàbá. Ẹni tó bá ka ọ̀kan délẹ̀, tó wá sọ òpin rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ ìjẹṣu tuntun, kó rán àwọn ẹbí rẹ̀ wá sílé wa."

Ìjímèrè sún mọ́ ẹrù náà. Ó gbé ti fóònù, ó gbé e sílẹ̀. Bí òun bá mú un, Ìgbín á mú èyí tó ń fọhùn. Bí òun bá mú èyí tó ń fọhùn, Ìgbín á mú ti kọ̀ǹpútà, ìtàn rẹ̀ á sì pé ju tòun lọ. Orí rẹ̀ gbóná. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Kí ni òun ń yàn sí? Gbogbo rẹ̀ lòun máa kó!

Ó fa Ìgbín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìgbín, àbúrò mi, mo fẹ́ràn rẹ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Etí òkun ni wọ́n ti ṣe àwọn ẹ̀rọ yìí. Iyọ̀ ló kún inú wọn."

"Iyọ̀ kẹ̀!" Ìgbín wọ inú ìkarahun rẹ̀ lọ. "Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi kó wọn jìnnà."

Ìjímèrè kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó gun orí igi, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Mo gba fóònù o,
*Tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́!*
Mo gba kọ̀ǹpútà,
*Tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́!*
Etu á di tèmi,
*Tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́!*

Ẹ wá wo ọgbọ́n àgbọ́njù. Ìjímèrè rò pé bí àwa ṣe ń ṣe àáró lóko làwọn ẹ̀rọ náà ń ṣe, pé ibi tí ọ̀kan bá ro dé ni èkejì á ti gbà á. Ó ka ìtàn lórí fóònù fún ọjọ́ mẹ́wàá, ó fi àmì síbi tó dé, ó ṣí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní, "Káàbọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rèé." Inú bí i. Ó ṣí èyí tó ń fọhùn. Ohùn dídùn kan ní, "Káàbọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rèé."

Bẹ́ẹ̀ ìjẹṣu ti dé tán! Ìjímèrè bẹ̀rẹ̀ sí í fo ọ̀rọ̀. Kò kà mọ́, títẹ̀ ló kù. Ọmọge tó bá ti yọjú, gbólóhùn kan náà ló ń tẹ̀ fún un: "Ìwọ nìkan ni mo fẹ́."

Ọjọ́ pé. Gbogbo ìlú jókòó.

"Ìjímèrè, báwo ló ṣe parí?" Etu béèrè.

"Mídórì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ."

"Kí ló dé?"

"Sùmírè náà bá a lọ."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Náókò... Náókò ló ń wa ọkọ̀!"

Ìlú bú sẹ́rìn-ín. Etu gba ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí ọ̀kan, nítorí ẹ̀rọ náà máa ń tọ́jú gbogbo ohun tí a bá tẹ̀. Ó kà á sókè: "Mídórì, ìwọ nìkan ni mo fẹ́. Sùmírè, ìwọ nìkan ni mo fẹ́. Náókò, ìwọ nìkan ni mo fẹ́." Etu gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Gbólóhùn yẹn gan-an ni Ìjímèrè sọ fún òun náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, lọ́nà odò. Ó dùn ún.

"Ìgbín, tìrẹ dà?"

"Mi ò ní ìtàn. Ẹ̀gbọ́n Ìjímèrè ní iyọ̀ ló wà nínú wọn."

"Iyọ̀ bí ti báwo?" Lékèélékèé pariwo.

Etu gbé ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú Ìgbín. "Ṣé wàá lè mú ọ̀kan, ká jọ kà á?"

Ìgbín yọrí nínú ìkarahun rẹ̀. Ó wo Etu, ó wo ẹ̀rọ. "Bí iyọ̀ bá wà níbẹ̀, kí n kú níṣojú rẹ." Ó na ìwo kan, ó fi kan ti fóònù. Ó dúró. Kò yọ́. "Kò sí iyọ̀! Èyí ni mo mú. Ó fúyẹ́, mo lè gbé e sórí ìkarahun mi."

"Ó yá, rán àwọn ẹbí rẹ wá sílé wa," ni Etu wí. Ariwo ta. Ìjímèrè fi ìka àbámọ̀ bọnu, ó fò gun igi.

Ọjọ́ náà gan-an ni ẹbí Ìgbín gbéra lọ tọrọ Etu. Ẹ mọ ìrìn wọn. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún kejì ló bá wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé Etu. Etu àti Ìgbín ti jọ ka ìtàn náà tán nígbà yẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn ò sì fo ọ̀rọ̀ kan. Wọn kò sọ òpin rẹ̀ fún Ìjímèrè. Ìdí nìyẹn tó fi ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka dòní, tó ń yọjú wo ilé onílé. Ó fẹ́ mọ bó ṣe parí ni.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo, ká má tilẹ̀ sọ mẹ́ta. Mú ọ̀kan, kí o sì bá a délẹ̀. Bí mo bá parọ́, kí Ìjímèrè bọ́ọ́lẹ̀ wá jà mí níyàn.