Ìdí Tí Alángbá Fi Ń Dọ̀bálẹ̀ fún Ògiri

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, mo sì ṣèlérí níwájú gbogbo yín pé ìtàn yìí kò ní gùn. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́, kó máa jẹ ẹ́ lọ. Màá parí kí ẹ̀pà tó tán. Bí ẹ̀pà bá kọ́kọ́ tán, a jẹ́ pé ẹ̀pà yẹn ló kéré.

Nígbà láéláé, ọrùn Alángbá le bí òpó, orí rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Kì í kí ẹnikẹ́ni. Ó lè dúró sára ògiri láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láì mi orí. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Àwọn kan ní ọrùn ló ń dùn ún. Èmi ò dá sí i.

Inú àgbàlá ńlá kan ló ń gbé. Àwọn onílé ti kó lọ sí oko, wọ́n sì fi gbogbo ẹran àti kòkòrò ibẹ̀ sílẹ̀ láìní olórí. Kò pẹ́ tí ìjà fi dé. Ewúrẹ́ ní òun ló ni abẹ́ igi. Àkùkọ ní òun ló ni ààtàn. Ológbò kò sọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀, ó kàn ń wo gbogbo wọn.

Nígbà tó yá, wọ́n fẹnu kò sí ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó bá lè pe gbogbo ará àgbàlá jọ, tí wọ́n sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí oòrùn tó wọ̀, òun ni yóò jẹ Baálẹ̀ Àgbàlá. Ẹni tó bá pè wọ́n tí wọn ò sọ̀rọ̀, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kó máa lọ.

Pẹ́pẹ́yẹ ló kọ́kọ́ dán an wò. Ó se oúnjẹ, ó tẹ́ ẹní. Gbogbo wọn wá, wọ́n jókòó, wọ́n jẹun, wọ́n sì dákẹ́ bí ẹni tó wá sin ara rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá Pẹ́pẹ́yẹ, ẹ lọ wò ó létí odò.

Ohun tó fa ìdákẹ́jẹ́ náà kò le. Ọ̀rọ̀ ìkíni ni. Ṣebí ọmọdé ló ń kọ́kọ́ kí àgbà? Bí Ewúrẹ́ bá kọ́kọ́ kí Àkùkọ, ó ti gbà pé Àkùkọ ju òun lọ nìyẹn. Bí Àkùkọ bá kọ́kọ́ kí Ewúrẹ́, ojú wo ni yóò fi wo àwọn ìyàwó rẹ̀? Nítorí náà, kálukú jókòó, ó ń retí kí wọ́n wá kí òun. Àgbà kún ibẹ̀ dẹ́nu, ọmọdé kan ṣoṣo kò sí.

Alángbá wá ní, "Èmi ni oyè yìí tọ́ sí."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. "Ìwọ tí o kì í kí èèyàn?"

"Ìdí tó fi tọ́ sí mi gan-an nìyẹn. Mi ò ṣe ojúsàájú. Gbogbo wọn ni mi ò kí."

"Bí wọn ò bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá lé wa, ẹyin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yé sábẹ́ òkúta yìí, ibo la ó kó wọn gbà? Ẹyin kì í rìn o, Bàbá Ẹyin."

Alángbá ì bá mi orí. Ọrùn rẹ̀ kò jẹ́.

Ọjọ́ pé. Àlejò dé, wọ́n jókòó, ibẹ̀ sì pa lọ́lọ́. Alángbá bọ́ sí àárín agbo.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ló wí, "kí ara lè yá wa, ẹ jẹ́ kí kálukú dárúkọ ara rẹ̀, kó sì sọ oúnjẹ tó fẹ́ràn jù fún wa."

"Ewúrẹ́," ni Ewúrẹ́ wí. "Ohun tí kì í ṣe tèmi."

Ó kan Ológbò. "Ológbò ni mí," ló wí. Ó wá rọra yí ojú sí Èkúté tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Oúnjẹ tí mo fẹ́ràn..."

Èkúté na ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lọ tọ̀."

Èkúté ṣì ń tọ̀ títí di òní. Wọ́n ṣì ń fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ìdákẹ́jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ wá dàbí ariwo ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Oòrùn ti ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ìyàwó Alángbá lọ jókòó sórí òkúta tí ẹyin wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì káwọ́ lérí. Alángbá rí i.

"Ó dáa!" ló kígbe. "Eré mìíràn! Kálukú yóò bi ẹnì kejì ní ìbéèrè nípa àgbàlá yìí àti àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Bí ẹni tí a bi kò bá mọ̀ ọ́n, yóò dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó bi í. Kò sí ti àgbà, kò sí ti ọmọdé. Kò sì gbọdọ̀ dìde àyàfi bí ẹni tó bi í bá sọ pé, 'Dìde.'"

Ojú gbogbo wọn là. Irú èyí ò ṣẹlẹ̀ rí: kéèyàn dọ̀bálẹ̀ fún ẹlòmíì kó má sì di àbúrò rẹ̀!

Ewúrẹ́ kò jẹ́ kó tutù. Ó kọjú sí Ọ̀pọ̀lọ́. "Lọ́jọ́ tí ìyá onílé fi orógùn lé mi yí ilé ká, kí ni mo jẹ?"

"Èlùbọ́ wọn."

"Irọ́! Yẹ̀rì wọn ni! Ó sì dùn ju èlùbọ́ wọn lọ."

Ọ̀pọ̀lọ́ dọ̀bálẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí ìyàtọ̀. Ewúrẹ́ ní, "Dìde." Wọn ò tún rí ìyàtọ̀.

Ọ̀pọ̀lọ́ náà kọjú sí Àkùkọ. "Ìwọ lò ń jí gbogbo wa láàárọ̀. Ta ló ń jí ìwọ?"

Àkùkọ wú àyà. "Oòrùn ni."

"Irọ́ lásán! Ìyàwó rẹ kékeré ló ń fi ẹsẹ̀ ta ọ́ nípàá. Mò ń sùn lábẹ́ yín níbẹ̀ yẹn, gbogbo rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Á ní, 'Bàálé oníhanrun, dìde, ojú máa tì wá o!'"

Àwọn àgbébọ̀ hó yèè. Àkùkọ dọ̀bálẹ̀, ogbe orí rẹ̀ wọnú iyanrìn. Ológbò rẹ́rìn-ín títí ó fi yí kúrò lórí ẹní. Ibi gbogbo di, "Bi mí! Bi mí!" Pẹ́pẹ́yẹ gbọ́ ọ létí odò, ó sáré dé pẹ̀lú ìbéèrè lẹ́nu, kò sẹ́ni tó pè é.

Alángbá wá mọ̀ pé oyè ti bọ́ sọ́wọ́ òun. Ibi tó yẹ kó ti dákẹ́ nìyẹn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó gun orí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

"Ẹ bi èmi náà! Kò sí ohun tó wà nínú àgbàlá yìí tí mi ò mọ̀. Bí mo bá kùnà, kí ẹni tó bi mí má sọ pé kí n dìde títí n ó fi mọ̀ ọ́n!"

"Bàbá Ẹyin," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "sọ̀ kalẹ̀."

Kò sọ̀. Ohùn tín-ínrín kan bá wá láti ìsàlẹ̀. "Ẹ kú ìnáwó o, Ẹ̀gbọ́n."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Èèrà ni. Ẹ̀gbẹ́ pátákò Ewúrẹ́ ni mo wà láti àárọ̀."

"Ìwọ náà wà níbí? Bi mí jàre, ọmọ kékeré."

"Lánàá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, ẹ jẹ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Kí ni orúkọ wọn?"

Gbogbo àwùjọ yíjú sí Alángbá.

Alángbá bẹjú wo Èèrà láti orí odó. "Èyí tó ru èérún àkàrà?"

"Àwọn náà ni. Kí ni orúkọ wọn?"

"Wọ́n... wọ́n dùn," ni Alángbá wí.

"Mi ò bi yín bí wọ́n ṣe dùn."

Kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é. Òun ló ṣe òfin. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí odó, ó sì na gbogbo ara rẹ̀ gbalaja níwájú Èèrà. Ìtìjú gùn ún lórí, orí rẹ̀ pọ́n bí epo. Gbogbo wọn ń retí kí Èèrà sọ ọ̀rọ̀ kan yẹn.

Èèrà wò ó, ó wò ó. Ó gbé èérún tirẹ̀, ó kọrí sílé.

Háà! Ariwo sọ! Ewúrẹ́ ní Èèrà jàre. Àkùkọ ní èyí ti le jù. Ológbò ní òun náà kì í béèrè orúkọ kí òun tó jẹun. Títí oòrùn fi wọ̀ ni gbogbo ará àgbàlá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nítorí náà, Alángbá jẹ Baálẹ̀. Wọ́n fi í jẹ ẹ́ níbi tó nà sí. Ẹyin kò kúrò lábẹ́ òkúta.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Baálẹ̀ rí èèrà kan lára ògiri. Ó fi àyà wọ́ lọ bá a, ó nà síwájú rẹ̀. Ó gbé àyà sókè díẹ̀, bóyá wọ́n á ní kó dìde. Kò gbọ́ nǹkan. Ó tún lọ sílẹ̀. "Ṣé Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ wọn?" ló bi í. Èèrà ya ẹnu láti dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ kò tíì jẹun láàárọ̀ yẹn. Kí èsì tó jáde, ó ti gbé e mì.

Orúkọ tí kò mọ̀ wá di méjì.

Láti ọjọ́ náà ni orí Alángbá ti pọ́n, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń dọ̀bálẹ̀ fún ògiri, tó ń gbé àyà sókè, tó ń tẹ́tí, tó tún ń lọ sílẹ̀. Gbèsè náà kò lè tán, nítorí àwọn tó lè dá a lóhùn ló ń jẹ. Láti ọjọ́ náà, bákan náà, ni èèrà méjì kì í pàdé lọ́nà kí wọ́n má dúró forí kan orí. Orúkọ ni wọ́n ń béèrè, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má bàa tún lọ láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá Èèrà ni Àwẹ̀ró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bò mí láṣìírí. Ẹ má jẹ́ kí Alángbá gbọ́. Bó bá mọ̀ ọ́n, yóò dìde, bẹ́ẹ̀, ní gbogbo àdúgbò wa yìí, pẹ̀lú bí ẹ ṣe pọ̀ tó, òun nìkan ló ṣì ń dọ̀bálẹ̀ fún mi bí mo bá jáde láàárọ̀.