Okùn Kan, Oko Méjì

Nígbà tí ọkọ Àṣàbí kú, ilẹ̀ etí odò ló fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn méjèèjì. Oyèwùmí, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, mú okùn kan, ó fi pín in. Oko kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì gùn tó okùn náà gẹ́lẹ́. Igun oko tirẹ̀ dúró ṣánṣán bí igun ilé. Ṣùgbọ́n odò ya gba ẹ̀bá oko Àríyọ̀, àbúrò rẹ̀, kọjá, oko náà sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: igun méjì mú, méjì yòókù là gbàgà.

Ní ọdún àkọ́kọ́, iṣu Àríyọ̀ kò tó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tún kọ ebè mìíràn. Nígbà tó tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún kejì, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rẹ́ mi jẹ.”

“Èmi? Okùn kan náà ni! Lọ wọ̀n ọ́n!”

“Mo ti wọ̀n ọ́n, ó pé. Ebè ni kò pé.”

“Ọ̀lẹ ni ebè rẹ̀ kì í pé! Ó dáa. Tó o bá ti pè mí lólè, jẹ́ ká lọ sídìí sàréè Bàbá, kí n lọ búra.”

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Àṣàbí níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó mọ̀ pé ọmọ ìyá tó bá ti búra fún ara wọn kì í fọwọ́ kan àwo kan náà mọ́. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó.

Ó gé pòpórò àgbàdo mẹ́rin ní ọgbọọgba, ó so orí wọn pọ̀, ó tẹ́ wọn sílẹ̀ kí igun wọn dúró dáadáa. Ó da ẹ̀wà tó ń ṣà lọ́wọ́ sínú rẹ̀ títí ó fi kún, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ.

“Oyè, ti igun kan síwájú.”

Oyèwùmí tì í. Pòpórò fì, ẹ̀wà gun orí ara wọn, wọ́n sì ń dà síta.

“Ṣé pòpórò kankan ti kúrú?”

“Rárá, Ìyá.”

Oyèwùmí tọ́ka sí ẹ̀wà tó dà síta. “Àríyọ̀, ebè tí oko rẹ kò gbà nìyí. Mi ò mọ̀.”

“Èmi náà ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo sì pè yín lólè.”

Wọ́n mú okùn náà, wọn kò yà sídìí sàréè. Oko ni wọ́n lọ, kí Oyèwùmí lè gé lára tirẹ̀ kún ti àbúrò rẹ̀. Ìyá wọn ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ búra lórí ohun tí kò tíì yẹ̀ wò dénú, àwọn àgbà á fà á sẹ́yìn, wọn á ní: Ẹni tó wọn etí oko kò tíì wọn oko.