Pákò Lẹ́nu Èrò Àbújá

Ohun tí ajá rí tó fi ń gbó, kò tó èyí tí àgùntàn fi ń ṣèran wò. Ní Ìlọrin ni mo ti rí àrídájú rẹ̀.

Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú méjì ló ń du èrò Àbújá níbẹ̀, aago mẹ́fà àárọ̀ sì ni ọkọ̀ àwọn méjèèjì ń gbéra. Láṣebìkan tó ni ọ̀kan dín owó tíkẹ́ẹ̀tì kù, ó ń pariwo rẹ̀ lórí rédíò. Mopélọ́lá tó ni èkejì kò dín kọ́bọ̀. Ó kàn ń jókòó láàárín èrò láràárọ̀, ó ń wo ẹnu wọn.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ wọn ń run pákò níbí? Ó bi bàbá kan léèrè.

“Àná ni mo ti wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ mi. Ilé ọkọ ọmọ mi ni mo sùn, mo sì yọ́ jáde láì tíì fọ ẹnu kí n má baà jí wọn. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lóṣù yìí. Ojú ń tì mí.”

Mopélọ́lá sún ọkọ̀ rẹ̀ sí aago mẹ́wàá, ó sì ń rán bọ́ọ̀sì lọ kó èrò wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kí oṣù tó parí, kò sí àyè nínú ọkọ̀ rẹ̀ mọ́.

Láṣebìkan wá bá a. “Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ wá ń gbà báyìí?”

“Iye tí mò ń gbà tẹ́lẹ̀ náà ni.”

“Kí lẹ wá fún wọn?”

“Mo gbà wọ́n lọ́wọ́ sísùn sílé àna.”

Lọ́jọ́ kejì, rédíò dákẹ́. Láṣebìkan wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo ẹnu èrò.